Mo Lọ Bá Àwọn Onínṣọ́ránsì

Bàbá Kìtán,

Ẹ̀bà wà nínú kúlà, ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù. Mo ti lọ sí Alágbàká lọ bá àwọn onínṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ yín, pé kí wọ́n san owó ìtọ́jú yín.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti tú yín sílẹ̀ lọ́nà Oǹdó lẹ ti ń sọ pé owó ara yín lẹ máa fi rí obìnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú irú ẹ̀rù tí wọ́n dá sí yín lára, kí àwọn ará ọ́fíìsì má baà sọ pé orí yín ti dàrú. Owó ò yọjú, ẹ ò sì lọ.

Láàárọ̀ yìí, ọmọrí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ sá wọ abẹ́ tábìlì. Kìtán kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí ojú yín, ó bú sẹ́kún. Ẹ sì gba ìta lọ. Ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ta ló ń lé Dádì?"

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì yín kó rẹ́rìn-ín. Ẹ má fóònù mi pé kí n padà o. Ẹ wẹ̀, kẹ́ ẹ múra. Tí wọ́n bá ní ká wá rí obìnrin náà lónìí, a jọ máa wọlé tọ̀ ọ́ ni.

Fọlákẹ́mi