Ojú Tí Kọ́sítíìkì Ta Sí

Hyattsville, Maryland

Àǹtí Fọlákẹ́ mi,

Mo kí yín, mo kí Bàbá Táyọ̀, mo kí gbogbo ẹni tó ń bá yín gé ọṣẹ. Ara mi le, àfi òtútù. Mo lè lo ọjọ́ méjì láìgbọ́ Yorùbá. Joshua tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, máa ń kí mi ní "Ẹ káàárọ̀ o" nírọ̀lẹ́. Mi ò tún un ṣe, kó má baà dákẹ́.

Iṣẹ́ wa ni láti mọ̀ bóyá kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ ń jó awọ tàbí ojú. A ó kán an sórí awọ ènìyàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n mú hù nínú abọ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó wò ó bóyá awọ náà ṣì wà láàyè. Lánàá, kọ́sítíìkì tí ẹ fi ń se ọṣẹ ló kàn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, awọ ti kú. Joshua ní, "Ta ló máa fọwọ́ lásán kan eléyìí?" Ẹ̀yin ni mo rántí, tí ẹ máa ń fi ahọ́n tọ́ ọṣẹ wò.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ní lórí fóònù pé kọ́sítíìkì ta sí yín lójú, pé ẹ ti fi epo pupa sí i, ó kàn ń pọ́n ni. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà" nìkan ni mo lè sọ, torí mi ò mọ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ àgbà níṣẹ́. Àǹtí mi, epo kì í ṣan án kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi omi mímọ́ ṣan ojú náà dáadáa, kí ẹ sì lọ rí dókítà ojú lónìí. Mo fi lẹ́tà yìí sórí fóònù Táyọ̀, kó kà á fún yín.

Ọlọ́run yóò dá ojú yín sí. Tí mo bá dé, mi ò fẹ́ kí ẹ fi ohùn nìkan dá mi mọ̀.

Àbúrò yín,
Èyíwùnmí