Róòsì Àgbàlá Àlájà

Sókótó, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹta, 1984.

Ìwé mi, má bínú. Ta ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní nínú ẹ̀kọ́ nípa ewéko, tí mò ń bá olùkọ́ jiyàn?

Lójú gbogbo kíláàsì ni olùkọ́ wa gbé ẹ̀ka róòsì tí mo gé lágbàlá Àlájà sókè, wọ́n sì ka orúkọ irú rẹ̀ tí mo kọ mọ́ ọn. "Damásíkù? Òdòdó àtijọ́ yẹn, nínú oòrùn Sókótó yìí? Pa á rẹ́ kó tó di ọ̀la, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òdo ni máàkì rẹ." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mo gba ẹnubodè Kofar Marke lọ bá Àlájà, ìyá àgbà tó ni róòsì náà. Wọ́n ní, "Haba! Kí wọ́n tó bí ọ̀gá yín ni ọkọ mi ti mú un bọ̀ láti Mẹ́kà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń tanná lọ́dún. Ṣé ọ̀gá yín gbọ́ òórùn rẹ̀?"

Rárá. Ojú nìkan ni wọ́n fi wò ó.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣìnà ńkọ́? Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò. Irun wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ ewé, ẹ̀gún rẹ̀ kò dọ́gba, bí ti Damásíkù gan-an. Òdòdó tí mo há sínú ìwé yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá ti gbẹ, ó ṣì ń ta sánsán.

N kò ní pa á rẹ́. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ orúkọ náà tẹ́lẹ̀. Mo ti wá fi báírò tún un kọ. Lọ́la màá gbé òdòdó gbígbẹ yìí sábẹ́ imú olùkọ́ wa: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún mi lódo."

Ìwé mi, bò mí láṣìírí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé báírò yẹn sílẹ̀ kí n tó kọ ọ́.