Kókó Tí Mo Fi Sínú Òrùka Pànkẹ́rẹ́

Abẹ́rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ara ńkọ́? Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ní tèmi, mo wà, àmọ́ ó rẹ̀ mí.

Ìyàwó bíríkìlà wa, àbúrò ìyá rẹ ọkùnrin, ti bí ọmọbìnrin; iwájú orí mi gan-an ló gbé wá sáyé. Télọ̀ tó ń gbé lókè wa bí ọkùnrin, ìkẹrin nìyẹn, ó ní òun ti tilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fẹ́ awakọ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n buwọ́ lùwé láàárọ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án. Ó ní, "Màmá, abẹ́rẹ́ aláìsàn ò mọ̀ pé mo ṣègbéyàwó."

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwa àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní kí n mú un wá kí òun bá mi tún un ṣe, mo ní rárá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n ń kà sókè ní kíláàsì.

Nígbà tí bíríkìlà dé láti ọ̀dọ̀ rẹ, kò tíì jókòó tó fi sọ pé, "Màmá, Abẹ́rẹ́ yín ń wọ ẹ̀wù alápá gígùn nínú ooru." Ó ní òun fi tipátipá ká apá ẹ̀wù náà sókè, pé láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ṣe ni ó bó yánnayànna. Ó ní o sọ fún olùkọ́ kọ́ńfú yín pé orí alùpùpù lo ti ṣubú. Olùkọ́ tó ti kìlọ̀ fún yín kí ẹ má gun alùpùpù títí ẹ ó fi ṣe ìdánwò! Ìdí nìyẹn tó fi yọ orúkọ rẹ kúrò lára àwọn tó máa ṣe ìdánwò. Ó ní òun ò kọ́ aláìgbọràn níjà.

O ti ṣàlàyé òrùka pànkẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń kọ́ ìjà fún mi rí. Apá méjèèjì á wà nínú rẹ̀, ẹ ó máa yí i, kò gbọdọ̀ jábọ́, ìgbọ̀nwọ́ á sún mọ́ ìhà, torí ìjà ibi tóóró ni, níbi tí ẹni tó ń bá ọ jà ti ń mí sí ọ lójú. Nígbà tí o ní kí n bá ọ ṣe é, ẹ̀rín ni mo rín. "Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń fi pànkẹ́rẹ́ hun aga, ṣé òrùka lásán ni yóò wá dá mi dúró?" Ọjọ́ kan ni mo fi ṣe é. Kò sẹ́ni tí mi ò fi hàn nínú ilé yìí.

Nígbà tí bíríkìlà lọ tán, mo ṣe irú rẹ̀ mìíràn, mo ki apá mi méjèèjì bọ̀ ọ́, mo yí i. N kò tíì yí i nígbà mẹ́wàá tí awọ mi fi bó. Ìgbà yẹn ló yé mi. Bí a bá ń hun aga, inú la máa ń tọ́jú kókó àti ṣóńṣó pànkẹ́rẹ́ sí, kí ojú àlejò má bàa rí i. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Àmọ́ inú òrùka ni apá rẹ ń gbé. Mo ṣe ẹwà fún àwọn òǹwòran, mo wá to eyín sílẹ̀ fún ọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wẹ̀yìn wò, ọwọ́ ara mi ni mo rí.

Ogójì ọjọ́ lo fi yí nǹkan yẹn. Mo bi ọ́ lórí fóònù, o ní, "Ó dára gan-an, Màmá." Mo mọ̀ pé torí fáàrí mi ni. O ò fẹ́ já mi kulẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ta ni ì bá sọ fún mi bí kì í bá ṣe ìwọ? Má fi ipò rẹ ra orúkọ mi. Orúkọ mi ti gbó, ó lè gba àbùkù kan mọ́ra.

Nítorí náà, gbé lẹ́tà yìí fún olùkọ́ rẹ kó kà á. Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi kò gun alùpùpù. Irọ́ ló pa, nítorí mi ló sì ṣe pa á. Òrùka tí mo ṣe ló bó o lápá, síbẹ̀ ọmọ náà kò dẹ́kun iṣẹ́ tí ẹ fún un. Bí apá rẹ̀ bá jinná kí ìdánwò tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà. Bí kò bá jinná, kó dúró de ìdánwò mìíràn, àmọ́ ẹ má pè é ní aláìgbọràn.

Abẹ́rẹ́, òrùka tuntun wà nínú páálí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi hun ún, torí ìka mi ti ń wú. Ìta ni gbogbo kókó rẹ̀ wà, ó rí ṣákiṣàki bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́, àmọ́ inú rẹ̀ dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Má fọwọ́ kàn án títí ojú egbò yóò fi gbẹ.

Ọlọ́run á wò ọ́ sàn. Apá ayé kò ní ká ọ. Wàá dúró, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀.

Èmi ni ìyá ìyá rẹ,
Màmá Onípànkẹ́rẹ́

Mo tún rántí: àwọn ọmọ kíláàsì yín mẹ́rin tí wọ́n rí ẹwà òrùka àkọ́kọ́, tí wọ́n sì fowó ránṣẹ́ pé kí n ṣe tiwọn, sọ fún wọn pé ọwọ́ ìyá ìyá rẹ ti rẹ̀, òrùka tìrẹ yìí ló ṣe kẹ́yìn. Owó wọn wà nínú àpòòwé yìí, ẹgbẹ̀rún méjì-méjì. Fi lé oníkálukú lọ́wọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀.