Agolo Mẹ́rin Abẹ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Ìyàwó mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tí ń bọ̀ tó wà nínú rẹ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró.

Kí o tó kà á síwájú, jọ̀ọ́, lọ da omi inú agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ rẹ nù. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí o dà á sí, kí o sì kó àwọn agolo náà dànù. Awakọ̀ ilé kejì ni mo fi ìwé yìí rán, kí ó lè tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ lónìí.

Ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi, Alátẹnujẹ mi, ti ń gbádùn. Ọjọ́ márùn-ún ni ibà fi gbé e ṣánlẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ojú ń dun òun, egungun ń dun òun. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ̀rù bà mí gan-an ni. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ẹ̀fọn ló kó o ràn án.

Mo yarí. Ẹ̀fọn kẹ̀? Nínú ilé tèmi? Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí ọ, pé inú ilé rẹ tó dọ̀tí ni ọmọ ti gbé àìsàn wá. Mo bẹ̀ ọ́, ya lẹ́tà náà.

Àná ni wolé-wolé dé. Ó wo ojú gọ́tà, ó wo ẹ̀yìnkùlé, kò rí nǹkan kan. Mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ó kúkú wo abẹ́ ibùsùn mi. Ni ó bá kúnlẹ̀ ní kíṣìnì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú agolo omi tí mo fi ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù bọ̀ kí èèrà má baà dé ìdí ṣúgà. Ó ní, "Màmá, ẹ wá wo ohun tí ẹ ń sìn." Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Háà! Tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, ló kún inú rẹ̀, wọ́n ń jó lọ jó bọ̀.

Mo ní omi tó mọ́ ni, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní omi tó mọ́ gan-an ni irú ẹ̀fọn yìí ń fẹ́. Ara agolo ló ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́, bí mo bá da omi nù, ẹyin kò lọ síbì kankan. Ojúmọmọ ló sì ń jẹni.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì. Irú ibà yìí ṣe é lóṣù tó kọjá. Mo kìlọ̀ fún ọmọ kí ó má fi ife rẹ̀ mumi, kí ó má tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kíṣìnì ni mo ní kí ó máa ṣeré sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Wolé-wolé mi orí. Ó ní àìsàn náà kò sí nínú ife. Abo ẹ̀fọn ló mu ẹ̀jẹ̀ aránṣọ, àìsàn bá ẹ̀jẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó ń pọ̀ sí i níbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹ̀fọn náà tó wá gún ọmọ, tó sì fi itọ́ ẹnu rẹ̀ tì í sí i lára. Àṣé èmi ni mo gbé ọmọ jókòó dè é!

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹkún ni mo ń sun lọ́wọ́ tí mo rántí agolo tìrẹ. Lọ́dún tó kọjá, o ní èèrà kò yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní obìnrin tó mọ́ tónítóní kì í gbà fún èèrà, mo sì fi ọwọ́ ara mi to agolo mẹ́rin síbẹ̀. O gbà, torí pé ìyá ọkọ ni mí. Ìwọ tó lóyún!

Tí ara rẹ bá gbóná pẹ́nrẹ́n, ilé ìwòsàn ni o. Dárí jì mí, ọmọ mi. Ilé rẹ mọ́. Ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé e wá.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ọ. Wẹ́rẹ́ ni o ó sọ̀. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ tọmọ.

Èmi ni ìyá ọkọ rẹ tí ojú ń tì.

Mo tún rántí: láàárọ̀ yìí, Alátẹnujẹ béèrè búrẹ́dì àti ṣúgà. Èèrà ti bo ṣúgà náà pátápátá. Ó ní, "Màmá àgbà, ṣé kí n pa wọ́n?" Mo ní kí ó gbọ̀n wọ́n dànù, kí ó máa jẹun rẹ̀, àwọn yẹn kò ṣe wá ní nǹkan kan.