Ẹyẹ Tó Kó Ọmọ Rẹ̀ Sábẹ́ Apá

Okota, Ìsọlọ̀,
Èkó.
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Òkúdù, ọdún 2025.

Ṣẹ́gunfúnmi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn ọmọ rẹ, Tamílọ́rẹ àti Jeremy kékeré. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera ní Àkúrẹ́, kí ara Morọ́lá ìyàwó rẹ náà sì le níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó lọ ṣe ní Kánádà. Ara èmi àti ìyá rẹ le. Orúnkún mi nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí o kò gbé ìpè mi, ìdí nìyí tí mo fi mú bíírò. N kò dá ọ lẹ́bi. Èmi ni mo sọ pé, "Ọkùnrin wo ló ń pọnmọ lọ síbi iṣẹ́? Ṣé ìwọ ni ìyá wọn ni?" Nígbà tí o dákẹ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ ọ́ létí. Ìyá rẹ ló sọ fún mi pé ńṣe ló gún ọ lọ́kàn.

Láti ìgbà náà, ilé kò gbà mí mọ́. Mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan níbí, níbi tí wọ́n gbẹ́ adágún omi mẹ́ta sí fún àwọn ẹyẹ odò. Ọmọ mi, ó dùn-ún wò! Pẹ́pẹ́yẹ onírúurú ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, lékeléke á bo igi ọparun, igi á funfun báláú. Bàlúù á rẹlẹ̀ kọjá lókè orí wọn, ẹyọ kan kò ní mira.

Ẹyẹ kan ló wá gbà mí lọ́kàn. Ó pọ́n bí obì, iwájú orí rẹ̀ búlúù, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn débi pé orí ewé òṣíbàtà ló ń rìn, ewé náà kì í rì. Tẹjúmọ́lá, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹyẹ náà, ní ẹnikẹ́ni kò rà á wá, ó kàn fò wá ni. Ó ń sàba lé ẹyin mẹ́rin. Mo ní, "Ìyá yìí mà ní sùúrù o."

Tẹjúmọ́lá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bàbá wọn lẹ ń wò yẹn o. Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn. Bàbá ló ń sàba, bàbá ló ń tọ́mọ."

Mo sún mọ́ etí omi, mo tún un wò.

Ẹyin náà pa lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, òjò ńlá dé. Omi kún, ewé tí àwọn ọmọ wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì, àṣá kan sì ti bà sórí òpó iná. Èmi àti Tẹjúmọ́lá wà lábẹ́ páànù, kò sí ohun tí a lè ṣe, adágún náà jìn. Ni bàbá ẹyẹ yìí bá kúnlẹ̀, ó la apá díẹ̀, ó ké sí wọn. Àwọn ọmọ sáré wọlé. Ó pa apá dé, ó dìde, ẹsẹ̀ tín-ín-rín mẹ́jọ ń mì dirodiro lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ń rìn lọ nínú òjò láti ewé dé ewé, títí ó fi wọ inú koríko. Àṣá wò títí, ó fò lọ. Tẹjúmọ́lá ń pàtẹ́wọ́. Èmi ń nu ojú, mo ń ṣe bí ẹni pé òjò ni.

Ṣẹ́gunfúnmi, èmi kò pọ̀n ọ́ rí. Nígbà tí ibà fẹ́ẹ̀ gbé ọ lọ, ìyá rẹ nìkan ló gbé ọ sáré lọ sí ọsibítù. Èmi wà nípàdé àwọn olùkọ́, mi ò sì kà á sí nǹkan kan. Ìwọ ń pọn Jeremy, o ń di irun Tamílọ́rẹ, o ṣì ń débi iṣẹ́ lákòókò. Ohun tí mo fi bú ọ, òun gan-an ló yẹ kí n fi yìn ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.

Lánàá, mo ní kí ìyá rẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pọnmọ. Ìrọ̀rí la fi ṣe ọmọ. Ó já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo pọ̀n ọ́n dé kíṣìnnì, mo sì pọ̀n ọ́n padà. Bí o bá gbà wá láàyè, a ó wá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Èmi ni n ó pọn Jeremy, kí ìwọ lè sùn dáadáa lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ rẹ̀. Kí Morọ́lá padà bá yín láyọ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ tọ́jú rẹ dọjọ́ alẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Olúbọ̀wálé.

Mo tún rántí o: ìyá rẹ ti ka lẹ́tà yìí. Ó ní o gbà wá láàyè o, o ò gbà wá láàyè o, òun ti di ẹrù tòun láti àná.