Má Da Omi Lé Màámi Lórí Mọ́

Yínúsà, ọ̀mọ̀wé,

Mo ti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Alábà. Màámi ti wẹ̀, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Orí wọn tó o ní ó ti dàrú yẹn, ó pé ju tìẹ lọ.

Nígbà tí mo gbé omi dé láàárọ̀, wọ́n tún di ilẹ̀kùn mú. Mo gbé omi sílẹ̀, mo jókòó, mo ní, "Màámi, kí lẹ ń bẹ̀rù?" Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ojú omi tí àwọn àti ẹ̀gbọ́n àwọn wọ̀ dojú dé lórí ọ̀sà ní Ọ̀tọ̀. Ẹ̀gbọ́n ò jáde mọ́. Látìgbà náà, tí omi bá ti bò wọ́n lójú, ó dà bíi pé inú ọ̀sà ni wọ́n ṣì wà. Ìwọ wá ń da odindi korobá lé wọn lórí, o ní ò ń tọ́jú ìyá wa.

Lọ́la, ẹsẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tó rin díẹ̀ ni kó o fi nu ojú wọn.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni o máa ń ní, "Màámi, mo ti mọ ìyẹn."

Ó dáa. Kí lorúkọ ẹ̀gbọ́n wọn?

Sàdíátù