Ìwé Ìyá Sùlè àti Àmì Tí N Kò Fi Sí I

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Fàósátù,
Ìsọlọ̀,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kọkànlá, 1976.

Babáfẹ́mi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Kúnbi aya rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń yọ eyín nígbà tí ẹ wá sí Èkó? Eyín á ti kún ẹnu rẹ̀ báyìí. Ṣé orúnkún màmá kò dà wọ́n láàmú mọ́? Àwa náà dúpẹ́ níhìn-ín. Ara Àdùkẹ́ ìyàwó mi le, ó ní kí n kí yín dáadáa. Wọ́n ṣì ń wú ilẹ̀ kiri ní Ọ̀ṣọ́dì nítorí títì márosẹ̀ tuntun, eruku rẹ̀ sì ń bá wa jẹun láràárọ̀.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu láti rí ìwé mi. Ó lé ní ọdún kan àtààbọ̀ tí mo ti kọ̀wé sí ọ kẹ́yìn. Iṣẹ́ púpọ̀ ni mò ń sọ fún ara mi pé ó fà á. Irọ́ ni. Ojú rẹ ni n kò lè wò, ojú sì tún ń tì mí ju ti ìgbà yẹn lọ lónìí, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ṣé o rántí ìwé tí mo ní mò ń kọ? Ìtàn ayé Ìyá Sùlè ni, ìyá onílé wa. Kò sí ẹni tó dàgbà tó wọn ní òpópónà wa. Kí ọ̀dà tó dé títì kankan níbí ni wọ́n ti ń kiri ẹja, wọ́n sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo ronú pé kí n kọ ìtàn wọn ni mo ti di òǹkọ̀wé lójú ara mi. N kò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fi lọ ya fọ́tò tí yóò wà lẹ́yìn ìwé náà, lọ́dọ̀ ayafọ́tò kan nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè ní Ọ̀ṣọ́dì. Mo yá awò ojú Albert, ọ̀gá wa ní ilé-iṣẹ́ aṣọ, mo fi bírò ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń ronú. Awò náà kò jẹ́ kí n rí iwájú, nígbà tí mo ń jáde ni mo forí gbá ilẹ̀kùn. Ìyẹn ò tó mi. Mo tún lọ gbẹ́ òǹtẹ̀: OMOTOSO, ONKOWE. Títí dé Ṣógúnlé ni wọ́n ti ń pè mí ní Òǹkọ̀wé, èmi náà á sì yọ eyín, màá máa jẹ́ ẹ.

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, Ìyá Sùlè á nu àpótí ìjókòó kan fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa sáré kọ ọ́. Lẹ́yìn ìwé ìkọ̀wé náà, mo fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ pé: IRANTI IYA SULE. LATI OWO OMOTOSO, ENI TI O KO O SILE.

Ìwé yẹn ni o ṣí nígbà tí ẹ wá bá wa ṣe Àjíǹde lọ́dún tó kọjá. O ka ojú ìwé kan, o kà á padà, o wá rọra bi mí pé àmì ohùn dà. Mo rántí èsì tí mo fọ̀ níwájú ìyàwó rẹ. Mo ní ọmọ tí kò lè nu imú ara rẹ̀ ni ìwọ ń kọ́ ní ilé-ìwé yín, pé àgbàlagbà ni èmi ń kọ̀wé fún, àgbàlagbà kì í sì í wá àmì kó tó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀. O kàn pa ìwé náà dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ ti lọ, ẹ ò dúró jẹ ìrẹsì tí Àdùkẹ́ gbé kaná fún yín.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo pa iṣẹ́ náà tì, lójú ìwé kọkànlá. Àfikún owó oṣù Udoji tiwa ti jáde, èmi náà ra tẹlifíṣọ̀n, Sátidé sì di ọjọ́ tí mò ń wo ìjàkadì. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó ti sú mi ni. Ìtàn ogun àti ọba ni mò ń retí, ìyá sì ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ẹja yíyan, àti àwọn ọmọ wọn tí kò dúró. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa ra irú ìwé bẹ́ẹ̀. N kò sọ fún wọn pé mo ti ṣíwọ́. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, ni mò ń gbà jáde kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin.

Lóṣù tó kọjá ni Ìyá Sùlè dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, tí ẹbí ti pé sí àgbàlá, Sùlè onílé wa yíjú sí mi.

“Bùrọ̀dá Òǹkọ̀wé, Màámi ní gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á.”

Babáfẹ́mi, ó yẹ kí n ti sọ òótọ́ níbẹ̀. Mo wọlé lọ mú ìwé náà wá, mo dìde dúró, mo wúkọ́ díẹ̀. Ohun tó wà níwájú mi rèé: “Oko iya mi ku si eti odo, a ko ri i mo.” N kò rántí ohun tí ìyá sọ gan-an mọ́. Mo wá fi gbogbo ẹnu kà á jáde pé ọkọ ìyá wọn kú sí etí odò, a kò rí i mọ́.

Ìyá Mùktárù, àbúrò olóògbé tó wá láti Èjìgbò, gbé orí sókè.

“Ta ló kú sí etí odò? Orí ẹní ni bàbá wa kú sí, nínú yàrá rẹ̀! Ọkọ mìíràn wo ni ìyá wa ní?”

Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ìyá Mùktárù ló tún ronú díẹ̀, ó ní ọkọ̀ ni, ọkọ̀ tí ìyá wọn fi ń kó ẹja. Ó kù sí etí odò lọ́dún tí wọ́n sá fún àrùn, wọn kò sì rí i mọ́. Lóòótọ́, ọkọ̀ ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo fún òkú ọ̀run ní ọkọ kejì níwájú àwọn ọmọ àti àwọn àlùfáà. Mo ṣí ojú ìwé mìíràn, èmi fúnra mi ò mọ èyí tó jẹ́ igbá nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ìgbà. Sùlè ò bínú sí mi o. Ó ní, “Bùrọ̀dá, ẹ jókòó, ó ti tó.” Ì bá sàn fún mi kó gbá mi létí.

Adébímpé, ìyàwó rẹ̀, ló wá sọ èyí tó dùn mí jù lẹ́yìn tí èrò túká. Kò mọ̀ pé òun ń nà mí. Ó ní láti ìgbà tí n kò ti wá mọ́, kò sí Sátidé kan tí ìyá kò nu àpótí yẹn. Bí àwọn ará ilé bá ní n kò sí nílé, ìyá á ní, “Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu, ó wà nínú yàrá, ó ń tún un kọ ni.” Ọdún kan ó lé. Èmi wà lẹ́yìn ògiri, mò ń wo ìjàkadì.

Mo lọ bẹ Ìyá Mùktárù ní Èjìgbò. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní èyí tí mo kà kò dun àwọn tó èyí tí kò sí níbẹ̀, wọ́n wá bi mí pé ìyókù ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn dà. Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ ni àwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣẹlẹ̀, àwọn ò mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n láyé. Nígbà tí mo délé, mo já fọ́tò mi kúrò lára ògiri pálọ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo bi ara mi bóyá ìtàn ìyá ni mo fẹ́ rí tàbí orúkọ òǹkọ̀wé, mo sì mọ ìdáhùn kí n tó bèèrè.

Dárí jì mí, ọ̀rẹ́ mi. Èébú tí mo bú ọ lọ́jọ́ náà, mo kó o jẹ. Wo lẹ́tà yìí, mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ ọ́. Jọ̀wọ́, fi bírò pupa rẹ mákì í bí o ti ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ, kí o dá a padà sí mi. Ibi kan ṣoṣo ni n kò ní bi ọ́. Lánàá, ọ̀sán Sátidé, mo lọ jókòó lórí àpótí yẹn, mo mú ìwé ìkọ̀wé náà, mo sì fi àmì sí ohun tí mo kọ sẹ́yìn rẹ̀. LÁTI ỌWỌ́ ỌMỌ́TỌ́ṢỌ́, ẸNI TÍ Ó KỌ̀ Ọ́ SÍLẸ̀. Mo mọ̀ pé mo gba ìyẹn, títí kan àmì orí KỌ̀.

Bá mi kí Kúnbi, kí o sọ fún un pé mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ òun náà. Bá mi dọ̀bálẹ̀ kí màmá. Àdùkẹ́ ní ìrẹsì yín ṣì wà nílẹ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ bí o bá ṣì gbà mí,

Ọmọ́tọ́ṣọ́
(n kò lu òǹtẹ̀)